Títọpasẹ̀ Àwọn Ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ Béèsìbọ́ọ̀lù Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ńlá Bá Ń Fìdí Rẹmi

Títọpasẹ̀ àwọn ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù jẹ́ àṣà kan tó gbilẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ eré náà ní Amẹ́ríkà, pàápàá nígbà tí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tì lẹ́yìn bá ń fìdí rẹmi débi pé kò sí ẹni tó ń dárúkọ ife-ẹ̀yẹ mọ́. Wọ́n á yí ojú sí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá wọn, níbi tí àwọn ọmọ ọdún 18, 20 àti 22 ti ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n á mọ orúkọ wọn àti ìlú tí wọ́n ti wá, wọ́n á mọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá lánàá àti ẹni tí ìgbọ̀nwọ́ ń dùn. Sáà béèsìbọ́ọ̀lù gùn púpọ̀: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba eré 162, láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹsàn-án. Ẹgbẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ lára ife-ẹ̀yẹ ní oṣù karùn-ún ṣì ní oṣù mẹ́rin gbáko níwájú, oṣù mẹ́rin yẹn gan-an ni àṣà yìí sì máa ń gbóná jù.

Bí nǹkan ṣe tò

Ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú líìgì ńlá, èyí tí à ń pè ní Major League Baseball. Láti ọdún 2021, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ń gba sáà kíkún lábẹ́ rẹ̀, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 120. Single-A ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, High-A lé e lórí, lẹ́yìn náà ni Double-A, Triple-A ló sì kángun sí líìgì ńlá. Àwọn tó kéré jù lọ wà ní ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Florida, Arizona àti Dominican Republic, níbi tí ọmọ ọdún 17 ti lè bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú 2021, iye ẹgbẹ́ kéékèèké ju báyìí lọ dáadáa. Nígbà tí líìgì ńlá gba àkóso, ó já bí 40 sílẹ̀, àwọn ìlú tó ti ń gbàlejò àwọn ọ̀dọ́ láti ìran dé ìran sì jí lọ́jọ́ kan láìní ẹgbẹ́ tí wọn yóò máa wò. Àdánù ńlá gbáà nìyẹn, owó tí wọ́n sì fi dá a láre kò tó ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú wọ̀nyẹn.

Branch Rickey ni wọ́n ń kà sí bàbá ètò yìí. Ní àwọn ọdún 1920, St. Louis Cardinals tí Rickey ń darí kò lówó tí wọn yóò fi bá àwọn ẹgbẹ́ olówó du àwọn gbajúmọ̀. Rickey wá bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹgbẹ́ kéékèèké, ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ sínú wọn, ó ń kọ́ wọn títí wọn yóò fi tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Ní 1926, Cardinals gba ife-ẹ̀yẹ World Series fún ìgbà àkọ́kọ́. Rickey yìí kan náà ló mú Jackie Robinson wọ ẹgbẹ́ Dodgers lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹ́ kékeré kan ní Montreal sì ni Robinson ti kọ́kọ́ gba eré ní 1946, kó tó di pé ó wọ pápá ní Brooklyn ní 1947, tó sì fọ́ ògiri tí wọ́n fi sé àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́ ìta.

Ohun tí àwọn olùtọpasẹ̀ ń wò

Ní àtijọ́, kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú kékeré tó jìnnà, àfi kó wà níbẹ̀. Ní 1981, Allan Simpson dá ìwé ìròyìn Baseball America sílẹ̀ ní Kánádà. Láti 1990 ni ìwé ìròyìn náà ti ń to orúkọ ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ 100 tó tayọ jù lọ lọ́dọọdún, Steve Avery, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Atlanta, ló sì ṣíwájú nínú ti àkọ́kọ́. Lónìí, olólùfẹ́ lè jókòó sílé kó máa wo eré Double-A lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, kó ka èsì ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó jẹun.

Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ọ̀dọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń fún ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 20 dé 80: bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, agbára apá, eré sísá, jíju àti mímú. 50 ni ti agbábọ́ọ̀lù tó wà ní àárín ní líìgì ńlá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò kì í sì í yọ ọjọ́ orí sílẹ̀. Ọmọ ọdún 19 tó ń ṣe dáadáa ní Double-A níye lórí ju ẹni ọdún 25 tó ń ṣe bákan náà níbẹ̀, nítorí àwọn tó ju ọmọ náà lọ lọ́jọ́ orí àti nírìírí ló ń bá figa gbága. Wọ́n tún ń wo iye ìgbà tí olùgbá fi igi gbá afẹ́fẹ́, àti iye ìgbà tó ní sùúrù láti fi bọ́ọ̀lù tí kò dára sílẹ̀ kó kọjá lọ. Iye ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ borí kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan.

Íntánẹ́ẹ̀tì àti máàkì wọ̀nyí kò ní kí ìfẹ́ lílọ sí pápá parẹ́. Pápá kékeré súnmọ́ni, owó ìwọlé rẹ̀ kò ga, ẹni tó jókòó sí ìlà iwájú sì ń gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ náà ń bá ara wọn sọ. Ìfaradà àwọn tó ń wá síbẹ̀ tún ju ti ẹlòmíràn lọ. Ní alẹ́ 18 oṣù kẹrin 1981, Pawtucket àti Rochester bẹ̀rẹ̀ eré kan tí kò tí ì parí nígbà tí aago mẹ́rin ìdájí kọjá ní ọjọ́ kejì. Èèyàn 19 péré ló ṣẹ́ kù lórí ìjókòó nígbà tí wọ́n dá a dúró. Oṣù kẹfà ni wọ́n tó parí rẹ̀, ní ìpele kẹtàlélọ́gbọ̀n, Pawtucket sì borí pẹ̀lú 3 sí 2. Ọ̀dọ́ kan wà nínú àwọn ará Rochester tó ń jẹ́ Cal Ripken. Rochester wà lábẹ́ Baltimore nígbà náà, ọmọ yìí ló sì wá di ẹni tó gba eré 2,632 léraléra fún Baltimore láìsinmi.

Baltimore, 2018 sí 2025

Àpẹẹrẹ tó kún jù lọ ni ti Baltimore Orioles. Ní 2018, eré 47 péré ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 115. Láàárín sáà náà ni wọ́n ti fi Manny Machado, gbajúmọ̀ wọn, ṣe pàṣípààrọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ láti Los Angeles Dodgers. Nígbà tí sáà parí, ọ̀gá àgbà àti kóòṣì kúrò, wọ́n sì mú Mike Elias wá láti Houston, níbi tó ti rí bí ẹgbẹ́ ṣe ń ti ìsàlẹ̀ pátápátá gòkè. Wọ́n pàdánù 108 ní 2019. Ní 2021, wọ́n pàdánù 110, léraléra ni wọ́n sì pàdánù mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀ ní oṣù kẹjọ.

Ẹni tó ń wo Camden Yards, pápá ẹgbẹ́ ńlá, nìkan ní ọdún wọ̀nyẹn jẹ ìyà. Àmọ́ Bowie àti Aberdeen, tí ẹgbẹ́ Double-A àti High-A wọn wà nígbà náà, kò tó ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀ láti Baltimore bí ọ̀nà kò bá dí. Ẹgbẹ́ Single-A wà ní Salisbury, ní ìpínlẹ̀ Maryland kan náà, Norfolk tí Triple-A wà sì wà ní Virginia tó múlé gbè é. Ìsúnmọ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn òǹkọ̀wé eré ìdárayá ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ní Houston, nígbà tí tiwọn burú, láti Texas dé California ni àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké fọ́n ká sí, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ sì mọ àwọn ọmọ náà nínú ìwé nìkan. Ti Baltimore lè gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kó lọ fojú rí wọn.

Adley Rutschman ni wọ́n ń lọ wò. Amúbọ́ọ̀lù ni, láti yunifásítì Oregon State, òun sì ni Baltimore kọ́kọ́ mú ní oṣù kẹfà 2019 nínú ìṣàyàn ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá fi ń mú àwọn ọ̀dọ́ tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó ìtẹ́wọ́gbà mílíọ̀nù 8.1 dọ́là. Nínú ìṣàyàn kan náà, nígbà tí ó kan ẹni kejìlélógójì, wọ́n mú ọmọ ilé-ìwé girama kan láti Alabama, Gunnar Henderson. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àrùn Kòrónà dé, wọ́n sì fagi lé gbogbo eré líìgì kékeré pátá. Ó di 2021 kí Rutschman tó rí sáà kíkún gbà, ní Bowie àti lẹ́yìn náà ní Norfolk. Ní oṣù kẹjọ tí ẹgbẹ́ ńlá pàdánù eré mọ́kàndínlógún léraléra yẹn, èsì Bowie àti Norfolk ni ọ̀pọ̀ ará Baltimore fi ń ṣí ojú ní òwúrọ̀.

Rutschman farapa lápá ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ìyẹn sì dá a dúró. Ní 21 oṣù karùn-ún ni ó tó wọ pápá Camden Yards. Gbogbo èèyàn dìde dúró kí i. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbá yọrí gbé e dé béèsì kẹta. Ní ìparí oṣù kẹjọ, Henderson dé ní Cleveland, ó sì gbá tirẹ̀ jáde kúrò ní pápá. Baltimore borí eré 83 ní ọdún yẹn. Ní 2023 wọ́n borí 101, wọ́n ṣíwájú ẹkùn wọn, gbogbo olùdìbò pátá sì mú Henderson gẹ́gẹ́ bí ẹni tuntun tó tayọ jù nínú American League. Norfolk pàápàá gba ife-ẹ̀yẹ Triple-A.

Àmọ́ Texas Rangers lù wọ́n ní eré mẹ́ta léraléra nígbà tí ìdíje ìkẹyìn dé. Jackson Holliday, ẹni àkọ́kọ́ nínú ìṣàyàn 2022, gun gbogbo ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ọdún 2023 nìkan, ó sì dé líìgì ńlá ní oṣù kẹrin 2024 ní ọmọ ọdún 20. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbá bọ́ọ̀lù yọrí nínú ìgbìyànjú 34. Wọ́n dá a padà sí Norfolk. Nígbà tó padà wá ní ìparí oṣù keje, ó gbá bọ́ọ̀lù jáde nígbà tí èèyàn wà lórí béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 2025, ẹgbẹ́ náà tún pàdánù 87, wọ́n sì lé kóòṣì wọn, Brandon Hyde, lọ ní oṣù karùn-ún. Grayson Rodriguez, ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n fọkàn tán jù nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn, kò ju bọ́ọ̀lù kan ní líìgì ńlá ní ọdún náà nítorí ìfarapa.

Àwọn tí kò débẹ̀

Àwọn àgbà ní ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Nínú béèsìbọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹnu ṣámúṣámú tí kò di àṣàmú. Brien Taylor ni New York Yankees kọ́kọ́ mú ní 1991. Èjìká rẹ̀ bàjẹ́ nínú ìjà kan ní 1993, kò sì dé líìgì ńlá láéláé. Ní 2013, Houston ló ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ mú, wọ́n sì mú ajubọ́ọ̀lù Mark Appel. Chicago Cubs tó tẹ̀ lé wọn mú Kris Bryant, tó ran Cubs lọ́wọ́ láti gba ife-ẹ̀yẹ 2016, àkọ́kọ́ wọn láti 1908. Appel kò ju bọ́ọ̀lù kan fún ẹgbẹ́ ńlá Houston. Ó fi eré sílẹ̀ ní 2018, ó padà, ó sì wọ líìgì ńlá fún Philadelphia ní 2022, nígbà tó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kansas City Royals ní ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ mẹ́sàn-án nínú 100 ti Baseball America ní 2011. Díẹ̀ nínú wọn gba World Series ní 2015, àwọn tó kù ni ìfarapa àti àìdọ́gba agbára gbé lọ.

Ọmọ Yorùbá wà nínú ìtàn yìí. Demi Orimoloye, Olúwadémiládé gan-an, ni a bí ní Nàìjíríà, Kánádà ló sì dàgbà sí. Milwaukee Brewers mú un ní ìpele kẹrin ìṣàyàn 2015, lẹ́yìn náà ó gba eré fún àwọn ẹgbẹ́ abẹ́ Toronto Blue Jays. Ó ní agbára, ó lè sáré, àwọn olùtọpasẹ̀ ní Kánádà sì gbé orúkọ rẹ̀ gẹ̀gẹ̀, àmọ́ kò dé líìgì ńlá. Ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó débẹ̀ ni Gift Ngoepe láti South Africa, ní oṣù kẹrin 2017, fún Pittsburgh.

Gbogbo ìgbádùn olólùfẹ́ ń ti ara òógùn àwọn ọmọ wọ̀nyí jáde, òógùn náà kò sì lówó lórí fún ìgbà pípẹ́. Títí di 2022, ẹni tó wà ní Single-A kò gbà ju bí 11,000 dọ́là lọ lọ́dún. Ní oṣù kẹsàn-án 2022 ni wọ́n dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Àdéhùn 2023 sọ owó Single-A di 26,200 dọ́là, ti Triple-A sì di 35,800. Olólùfẹ́ tó bá mọ máàkì àwọn ọmọ náà yẹ kó mọ owó oṣù wọn pẹ̀lú.

Àríyànjiyàn lórí pípàdánù

Ohun tó mú àwọn aráyé bínú ni pé, títí di 2022, ẹgbẹ́ tó pàdánù jù ló máa ń kọ́kọ́ mú ọ̀dọ́ nínú ìṣàyàn. Houston pàdánù 106 ní 2011, 107 ní 2012, 111 ní 2013, wọ́n sì kó Carlos Correa àti àwọn mìíràn jọ, wọ́n gba World Series 2017. (Ní 2020 ni líìgì jẹ wọ́n níyà nítorí pé wọ́n fi kámẹ́rà jí àmì àwọn alátakò wò ní sáà yẹn.) Àwọn olówó ẹgbẹ́ mìíràn rí i pé a lè dín owó oṣù kù, ká pàdánù, ká sì ní kí olólùfẹ́ máa wo àwọn ọmọdé. Ìrètí tí àwọn èèyàn ní nínú ọ̀dọ́ kò yẹ kó di àwáwí fún ẹni tí kò fẹ́ náwó. Láti oṣù Kejìlá 2022 ni líìgì ti ń fi ìbò pín ipò mẹ́fà àkọ́kọ́. Pittsburgh ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, wọ́n sì mú Paul Skenes ní 2023.

Ní 2024, Chicago White Sox pàdánù eré 121, iye tó pọ̀ jù lọ láti ọdún 1901. Òfin ìbò kò jẹ́ kí wọ́n kópa nínú ti ọdún tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ipò kẹwàá ni wọ́n ti mú Billy Carlson láti California ní oṣù keje 2025. Ní ọdún tí wọ́n pàdánù 121 yẹn gan-an, ẹgbẹ́ Double-A wọn ní Birmingham, Alabama, gba ife-ẹ̀yẹ Southern League.