Ẹfun Kì í Ṣe Ṣọ́ọ̀kì: Àgbéyẹ̀wò Àbùdá àti Ìpìlẹ̀ Àwọn Àlùmọ́ọ́nì Kan

Akẹgbẹ́ wa kan kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé ẹfun tí àwọn ìyá wa ń tà lọ́jà àti ṣọ́ọ̀kì inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ohun kan náà, pé orúkọ nìkan ló pín wọn níyà. Ẹ̀rí mẹ́ta ló mú wá: méjèèjì funfun, méjèèjì rọ̀, méjèèjì sì máa ń yí mọ́ni lọ́wọ́. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń túmọ̀ èdè wa ti ń pe ẹfun ní ṣọ́ọ̀kì láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kì í tìtorí pé ó pẹ́ nílẹ̀ kó di òótọ́.

Ohun tí àlùmọ́ọ́nì jẹ́ kò ṣàjèjì sí òǹkàwé wa, n kò ní í tún un sọ. Bákan náà ni òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní 1812, láti orí talc tó jẹ́ 1 títí dé orí dáyámọ́ńdì tó jẹ́ 10. Bí a ṣe ń lo òṣùwọ̀n náà ló yẹ ká dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni akẹgbẹ́ wa ti ṣìnà.

Ó ní òun fi èékánná họ méjèèjì, àpá sì hàn lára méjèèjì. Líle èékánná tó nǹkan bí 2.5. Kaolinite, tí í ṣe ojúlówó ẹfun, wà láàárín 2 sí 2.5, nítorí náà èékánná lè họ ọ́. Ṣùgbọ́n calcite ló wà nínú ṣọ́ọ̀kì, 3 sì ni líle tirẹ̀. Kò yẹ kí èékánná ràn án rárá. Kí ló wá fa àpá tí akẹgbẹ́ wa rí? Kì í ṣe calcite ló họ. Ìkarahun àwọn ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní inú òkun ló kóra jọ di ṣọ́ọ̀kì, wọn kò sì lẹ̀ mọ́ra pinpin. Ìdìpọ̀ yẹn ni èékánná tú ká. Kò fọwọ́ kan líle ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọdé lè fẹsẹ̀ wó òkìtì yanrìn, ẹnikẹ́ni kò sì ní torí ìyẹn sọ pé ẹsẹ̀ ọmọ le ju quartz inú yanrìn lọ, èyí tí líle rẹ̀ jẹ́ 7 tó sì ń họ dígí. Líle òkúta yàtọ̀ sí líle àlùmọ́ọ́nì inú rẹ̀. Bí a bá pa ààlà yìí rẹ́, a ti sọ òṣùwọ̀n Mohs di ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ti ohun tó bá wù ú lẹ́yìn.

Ibi tí òótọ́ ti ń hàn ni ásíìdì, omi àti iná. Mo mú ọsàn wẹ́wẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ kan n'Íbàdàn, mo tọrọ àyè, mo sì fún un sórí ẹfun rẹ̀. Ẹfun náà fa omi ọsàn mu, ó dákẹ́.

“Ẹfun kì í hó, ọmọ mi,” ìyá ní. “Kán-ún ni kí o fún un sí.”

Mo fún un sí kán-ún, ó sì hó yàà. Ìkarahun ìgbín tí mo lọ̀ nílé náà hó, nítorí kábọ́nétì wà nínú àwọn méjèèjì, bó ṣe wà nínú ṣọ́ọ̀kì. Kò sí nínú kaolinite: alumíníọ̀mù, sílíkọ́nì, ọ́síjìn àti háídírójìn ni wọ́n fi mọ ọ́n. Bí a bá rẹ ẹfun sómi, ó ṣeé mọ bí amọ̀, nítorí pé ó rí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, omi sì ń jẹ́ kí pẹlẹbẹ kan yọ̀ lórí èkejì. Bí iná bá mú un gidigidi, ó ń le bí àwo. Ṣọ́ọ̀kì ní tirẹ̀ á tú káríbọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì sílẹ̀ nínú iná, á sì di kálíṣíọ̀mù ọ́ksáídì. Ìdí nìyí tí òkúta Ewékorò, tó jẹ́ ìbátan ṣọ́ọ̀kì, fi ń di sìmẹ́ǹtì.

Ìpìlẹ̀ wọn tún jìnnà síra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú òkun ni ṣọ́ọ̀kì ti wá. Ẹfun ilẹ̀ Èkìtì, bí irú ti Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjerò, ti inú òkúta líle jáde ni, èyí tó tutù di gbagidi nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Feldspar ló pọ̀ jù nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀. Òjò tó ti fa káríbọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì mọ́ra ń kan díẹ̀díẹ̀. Ó ń wọnú feldspar, ó ń kó pọtásíọ̀mù rẹ̀ lọ, ohun tó ṣẹ́kù a sì di kaolinite. Quartz kì í gbà fún òjò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fọ ẹfun tuntun nínú igbá yóò rí yanrìn quartz tó rì sísàlẹ̀: òkúta àtijọ́ ló fi ẹ̀rí sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí àlùmọ́ọ́nì fi ń wáyé. Omi tó gbẹ lágbègbè adágún Chad ló ń di kán-ún. Omi gbígbóná tó gba inú sísán òkúta kọjá ló kó galena jọ lágbègbè Abakaliki. Galena yìí náà ni ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń lọ̀. Ó wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 7.5, òjé ló sì wà nínú rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe lé e sójú ọmọ ọwọ́.

Akẹgbẹ́ wa lè tọ́ka sí Kúbà, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ti ń fi èèpo ẹyin lílọ̀ ṣe efun. Ìyẹn máa ń hó lóòótọ́, nítorí kálíṣíọ̀mù kábọ́nétì ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ló wọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà nílé kò bá a lọ.

N kò ní í sọ pé gbogbo ohun funfun tí wọ́n ń tà lórúkọ ẹfun ni kaolinite, nítorí kì í ṣe gbogbo ọjà ni mo dé. Ó kàn jọ pé ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ṣọ́ọ̀kì ní láti kọ́kọ́ fi èyí tó ń hó hàn wá.

Ohun funfun mìíràn tó rọ̀ ti gbà mí lọ́kàn báyìí. Àwọn ère Ẹ̀sìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n lé ní 1,000, tí wọ́n sì kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ní 1945, òkúta tí talc kún inú rẹ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Òjò kọ́ ló ń ṣẹ̀dá talc. Ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló ń yí òkúta tí màgnísíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ padà nínú ilẹ̀. Kò ṣeé ṣe láti fi èékánná họ ère àwọn baba ńlá, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò àti àwọn àgbà agbègbè náà ni mò ń lọ, láti béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe òkúta tí ọ̀bẹ lè gé, àti odò tí wọ́n ti máa ń rí i.