Jẹ́dà, Ẹnu Ọ̀nà Mẹ́kà

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀pọ̀ nínú wa mu lórí ìlú Jẹ́dà. Ó ti lé ní ọdún 60 tí ọkọ̀ òfurufú ti ń já àwọn ọmọ Yorùbá tí ń lọ sí Háájì sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ wọkọ̀ padà sílé pẹ̀lú omi sámúsámù àti ẹrù ọrẹ fún ará àti ojúlùmọ̀. Àwọn ìdílé wa kan sì ń gbé inú ìlú náà, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, bí ọmọ bá béèrè lọ́wọ́ wa pé irú ìlú wo ni Jẹ́dà, ohun tí a sábà ń rí sọ kò ju ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfurufú àti ilé ìtajà lọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ìlú etí òkun yìí ní ṣókí fún ẹ̀yin òbí, kí ẹ̀yin náà lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín. Nítorí kì í ṣe ìtàn àwọn Lárúbáwá nìkan. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tiwa wà nínú rẹ̀.

Bí abúlé apẹja ṣe di èbúté

Etí Òkun Pupa ni Jẹ́dà wà, ní ìwọ̀n kìlómítà 70 sí ìwọ̀-oòrùn Mẹ́kà. Abúlé àwọn apẹja ni tẹ́lẹ̀. Èbúté tí àwọn ará Mẹ́kà ń lò nígbà ayé Ànábì Muhammad ni Shuaiba, tí ó wà ní ìhà gúúsù. Ní ọdún 647 ni Kálífà kẹta, Uthman bin Affan, pàṣẹ pé kí Jẹ́dà di èbúté Mẹ́kà. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ìlú náà ti di méjì: ó ń gba ọjà tí ó ń bọ̀ láti Íńdíà, Íjíbítì àti etíkun Áfíríkà, ó sì ń gba àwọn olùjọ́sìn tí ó ń lọ sí Ilé Mímọ́. Mẹ́kà kò ní oko, kò ní odò. Ohun tí ó bá jẹ, ẹnu Jẹ́dà ni ó máa ń gbà wọlé.

Orúkọ ìlú náà kò ṣàìní àríyànjiyàn. Àwọn kan ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni etíkun. Àwọn mìíràn ní ìyá àgbà ni, nítorí pé wọ́n gbàgbọ́ láti ìgbà láéláé pé ibẹ̀ ni a sin Éfà, ìyá gbogbo ènìyàn, ẹni tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Hawa. Gbogbo ìyá tí ń jẹ́ Àwáwù ní Ìbàdàn, Ìwó tàbí Ẹ̀pẹ́, orúkọ obìnrin yìí ni wọ́n ń jẹ́. Ibojì gígùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn olùjọ́sìn máa ń bẹ̀wò. Ní ọdún 1928 ni ìjọba wó ohun tí a kọ́ sí orí rẹ̀, nítorí pé ìlànà ẹ̀sìn tí ìjọba náà ń tẹ̀ lé kórìíra kí a máa gbàdúrà nídìí ibojì. Ní ọdún 1975 ni wọ́n fi kọnkéré bo ojú ibẹ̀ pátápátá. Ibi ìsìnkú náà ṣì wà ní àárín ìlú, ó sì ṣì ń jẹ́ orúkọ Hawa. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá.

Nígbà tí arìnrìn-àjò Ibn Jubayr gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti Spéènì ní ọdún 1183, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé abúlé etí òkun ni, pé púpọ̀ nínú ilé ibẹ̀ jẹ́ ahéré tí a fi esùsú kọ́. Ṣùgbọ́n owó ń wọlé, ibi tí owó bá sì wà kì í pẹ́ kí ojú ọ̀tá tó dé ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, àwọn Potogí ti yí Áfíríkà po dé Íńdíà, wọ́n sì fẹ́ gba òwò Òkun Pupa. Húsáyìn tí wọ́n ń pè ní al-Kurdi, gómìnà tí ọba Íjíbítì fi síbẹ̀, mọ odi yí ìlú ká. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Potogí dé ní ọdún 1517, wọn kò rí ìlú náà wọ̀. Ọdún kan náà ni àwọn Tọ́kì gba Íjíbítì, Jẹ́dà àti Mẹ́kà sì bọ́ sábẹ́ àṣẹ wọn fún nǹkan bí ọdún 400.

Àwọn ilé òkúta inú òkun

Ní ọdún 1869 ni wọ́n ṣí ipa omi Súẹ́sì, tí ọkọ̀ tí ń fi èéfín rìn láti Yúróòpù àti Íńdíà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya Jẹ́dà lemọ́lemọ́. Ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ńlá kọ́ àwọn ilé gíga tí ó ṣì wà ní àdúgbò tí a ń pè ní al-Balad, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ìlú.

Ọgbọ́n wà nínú ìkọ́lé wọn. Òkúta tí wọ́n lò, inú àpáta iyùn tí ó wà ní etí òkun ni wọ́n ti gé e. Òkúta náà fúyẹ́, kò sì le tó, nítorí náà wọ́n ń tẹ́ igi sí àárín ẹsẹ̀ òkúta kan sí èkejì kí ìwúwo ilé lè pín dọ́gba. Ní iwájú ilé ni wọ́n ń gbé àwọn fèrèsé onígi ńlá sí, tí wọ́n yọ jáde sí ojú pópó, tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára. Afẹ́fẹ́ òkun ń gba ihò ọnà náà wọlé, àwọn obìnrin inú ilé sì ń rí ìta láìjẹ́ pé ará ìta rí wọn.

Ilé tí ó lókìkí jù lọ nínú wọn ni ilé Nasseef, tí wọ́n kọ́ fún oníṣòwò Omar Nasseef láàárín ọdún 1872 sí 1881. Igi dóńgóyárò kan wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nítorí pé omi ṣọ̀wọ́n ní Jẹ́dà, wọ́n ní òun nìkan ni igi tí ó wà nínú ìlú fún ìgbà pípẹ́, débi pé Ilé Onígi ni wọ́n fi ń júwe ibẹ̀ fún àlejò. Inú ilé yìí ni Ọba Abdulaziz Ibn Saud dé sí nígbà tí ìlú jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún un ní oṣù Kejìlá ọdún 1925, lẹ́yìn tí ó ti dó tì í fún nǹkan bí ọdún kan. Ní ọdún 1932 ni ó so gbogbo ilẹ̀ tí ó gbà pọ̀ di Sáúdí Arébíà.

Kì í ṣe olówó nìkan ni ó ń gbé inú ilé wọ̀nyí. Bí àkókò Háájì bá dé, àwọn onílé a ya yàrá sọ́tọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn. Ará Jáfà, ará Íńdíà, ará Íjíbítì àti ará Áfíríkà, olúkúlùkù ní aṣojú tí yóò pàdé rẹ̀ ní èbúté, tí yóò wá ilé àti ràkúnmí fún un, tí yóò sì fi í lé ọwọ́ ẹni tí yóò mú un yíká ní Mẹ́kà. Láti èbúté, wọn a gba àárín ọjà al-Alawi kọjá dé ẹnu odi tí ń jẹ́ Bab Makkah, wọn a sì dojú kọ aginjù. Ọjà náà ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ẹni tí ó bá rin ibẹ̀, ipa ẹsẹ̀ àwọn olùjọ́sìn ni ó ń tọ̀. Nítorí èyí ni àjọ UNESCO ṣe kọ orúkọ Jẹ́dà àtijọ́ mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé ní ọdún 2014, tí wọ́n sì pè é ní Ẹnu Ọ̀nà Mẹ́kà.

Àwọn ará wa lójú ọ̀nà

Nínú gbogbo àlejò Jẹ́dà, àwọn tí ọ̀nà wọn jìn jù lọ wà lára àwọn tí ó wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Lárúbáwá ń pe ẹnì kan nínú wọn ní Takruni, orúkọ tí ó ti ara Takrur wá, ìlú ọba àtijọ́ kan ní etí odò Sẹ̀nẹ̀gàl. Àwọn Hausa, Fúlàní àti Kànúrí ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ Bọ̀rùnú, Ṣáàdì àti Sùdáànì kọjá dé etí Òkun Pupa, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Jẹ́dà. Ìrìn náà lè gba ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n ní láti máa dúró dáko tàbí ṣe alágbàṣe lójú ọ̀nà kí wọ́n tó rí oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀pọ̀ kú sí ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ tẹ̀dó sí Sùdáànì. Àwọn mìíràn bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, nítorí ọjà ẹrú wà ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà. Ọdún 1962 ni ìjọba Sáúdí tó fòpin sí oko ẹrú. Àwọn tí ó dé láyọ̀ tí wọn kò sì ní owó ìpadàbọ̀ dúró síbẹ̀, wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n ń pọn omi tà, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ọmọ ọmọ wọn di ará ìlú.

Ní ti àwa Yorùbá, àwọn díẹ̀ ni ó lọ kí ọkọ̀ òfurufú tó dé. Nígbà tí ìrìn ọdún méjì di ìrìn wákàtí mélòó kan láàárín àwọn ọdún 1950, àwọn tí ń jẹ́ Àlàájì àti Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nílé. Ní ọdún 1958 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí í ṣe Onígbàgbọ́, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó ìgbádùn àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ èyí pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀sìn méjì ti ń gbé ilé kan ṣoṣo láìjà ní ilẹ̀ wa.

Ọ̀nà òfurufú náà kò ṣàìní ẹkún tirẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1973, ọkọ̀ tí ń kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jẹ́dà já ní Kánò, ènìyàn 176 sì kú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1991, òmíràn gbéra ní Jẹ́dà, ó ń lọ sí Sókótó. Táyà rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó gbiná. Gbogbo ènìyàn 261 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó bá a lọ, 247 nínú wọn jẹ́ alálàájì Nàìjíríà.

Ohun tí ojú lè rí lónìí

Ní ọdún 1947 ni wọ́n wó odi Jẹ́dà, ọdún náà gan-an ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ ìlú nínú páìpù láti Àfonífojì Fatimah. Owó epo sọ ìlú kékeré náà di ìlú ńlá tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn. Pápákọ̀ òfurufú Ọba Abdulaziz ṣí ní ọdún 1981. Òrùlé ibùdó àwọn alálàájì níbẹ̀ dà bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgọ́ funfun tí a ta sínú aginjù. Ní etí òkun, ẹ ó rí orísun omi Ọba Fahd, tí ó ti ń tu omi òkun sí òfurufú láti ọdún 1985, tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 250. Mọ́ṣáláṣí al-Rahma tí a kọ́ sórí omi kò jìnnà sí òkun, a kúkú lè sọ pé inú òkun ni ó wà. Àwọn ère ńláńlá tí wọ́n tò sí etíkun ní àwọn ọdún 1970 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ebi bá pa ọmọ, ẹ ra ìrẹsì Bùkhárì fún un, kí ẹ sì sọ fún un pé àwọn olùjọ́sìn láti Àárín Gbùngbùn Éṣíà ni ó gbé oúnjẹ náà wá. Láti ọdún 2018, ọkọ̀ ojú irin ń gbé ènìyàn láti Jẹ́dà dé Mẹ́kà kí wákàtí kan tó pé. Mùsùlùmí nìkan ni ó lè wọ Mẹ́kà; ṣùgbọ́n Jẹ́dà ṣí sílẹ̀ fún Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí.

Ohun tí òkúta kò lè sọ

Ní Mẹ́kà, púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ ni ó ti lọ kí àyè lè gba àwọn olùjọ́sìn tí ń pọ̀ sí i. Odi ogun Ajyad tí àwọn Tọ́kì kọ́ wà lára ohun tí a wó ní ọdún 2002. Ní Jẹ́dà, ìjọba ń ná owó ńlá láti tún ilé àwọn oníṣòwò ṣe, iṣẹ́ rere sì ni. Ṣùgbọ́n láti ìparí ọdún 2021 sí 2022, ìjọba wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò tí ó ní wọn kò bá ètò ìlú mu, tí ìwà ọ̀daràn sì ti gbilẹ̀ nínú wọn. Ghulail àti Karantina wà lára wọn, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Áfíríkà ti gbé fún ọdún pípẹ́. Àjọ Amnesty International sọ ní ọdún 2022 pé owó gbà-má-bínú tí ìjọba là kalẹ̀ kò kan àwọn àjèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pọ̀ nínú àwọn tí ilé wó mọ́ lórí.

Ilé olówó wà, a lè fi ọwọ́ kàn án. Ilé alágbàṣe tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Bọ̀rùnú kò sí mọ́. Ẹnu nìkan ni ìtàn tirẹ̀ kù sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwa tí a wà ní àjò lónìí, ìbáà ṣe ní Jẹ́dà, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà. Bíbí tí a bí ọmọ sí Jẹ́dà kò sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀ lójú òfin. Ilé tí a háyà yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ọmọ lè gbé dání kúrò níbẹ̀ ni ohun tí a bá fi èdè abínibí sọ fún un.

Ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá gba Jẹ́dà kọjá, ẹ wá àyè ọjọ́ kan kí ẹ mú àwọn ọmọ yín rin ọjà al-Alawi dé Bab Makkah. Ẹ fi àwọn fèrèsé onígi hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wọn nípa àwọn tí kò ní fèrèsé níbẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ẹ bi àwọn àgbàlagbà Àlàájì àti Àlàájà inú ẹbí yín léèrè bí wọ́n ṣe lọ, ọdún wo ni, ta ni wọ́n bá pàdé. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí a ó bi ṣì wà.