Ìfòfindè Nìkan Kò Tó

Bí ìjọba bá ti dí òwò kan lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn oníròyìn wa máa ń mú bọnu: ìfòfindè. Mo rò pé lílo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń pa àwọn oníṣòwò lára, torí kò fi hàn bóyá ọjà ni òfin mú tàbí ẹni tó ń tà á tàbí tó ń rà á.

Ẹ wo Owódé Onírin, lójú ọ̀nà Mile 12 sí Ìkòròdú, níbi tí irin kọ́ńdẹ́mù àti ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Irin kọ́ńdẹ́mù wà lára ọjà mẹ́jọ tí Àjọ Aṣọ́bodè Nàìjíríà ní kò gbọdọ̀ jáde nílẹ̀ wa, òun pẹ̀lú àgbàdo, igi gẹdú, awọ tí a kò tí ì ṣe, àti àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́jọ náà ni gbogbo ọjà tí a kó wọlé láti òkè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí Kùtọnu yóò bá òfin pàdé níbẹ̀. Àtúnkójáde ni mo pe ìyẹn. Níbi báyìí, ìfòfindè bá a mu, torí ọjà fúnra rẹ̀ ni òfin mú.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje 2023, nígbà tí ológun gbàjọba ní Niger, ECOWAS ní kí a ti ẹnubodè mọ́ wọn, kò sì pẹ́ tí Nàìjíríà fi já iná mànàmáná tó ń tà fún wọn. Títí di oṣù Kejì 2024 tí ECOWAS tó dẹwọ́, àlùbọ́sà tó ń ti Niger wá kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ará Niger tó ń tà á ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Ìtanù òwò ni mo dábàá fún irú èyí. Amẹ́ríkà náà ní ìwé ẹni ìtanù tí OFAC, ọ́fíìsì kan lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìṣúná wọn, ń tọ́jú. Bí orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ fi dọ́là ránṣẹ́ sí bá wà níbẹ̀, owó yín lè há sí báńkì, ìbáà jẹ́ bíríkì lásán lẹ fẹ́ rà.

Ọ̀rọ̀ kẹta rèé, àwọn baba wa ló sì ni ín: ìdínà. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú a máa dínà mọ́ Ìbàdàn kí ìbọn àti ẹ̀tù má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 1865, Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò yìí kan náà, kí Glover tó ń ṣàkóso Èkó tó lé wọn. Ní 1877, Ààrẹ Látóòsà ti Ìbàdàn ránṣẹ́ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Ẹ̀gbá tún dínà, ohun tó tẹ̀ lé e sì di ogun ọdún mẹ́rìndínlógún. Èdè tó ti ní ìrírí báyìí kò yẹ kó máa yá ọ̀rọ̀ fún dídènà ohun ìjà.

Ní ti títẹ̀lé irú àwọn òfin wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ wa “pípa òfin mọ́” ti wà tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣẹ̀dá òmíràn. Èyí tó le láti sọ lórúkọ ni ìwé tí ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò ń fún ẹni tó fẹ́ kó dúróònù tàbí ohun abúgbàù wọlé. Àwọn kan lè pè é ní ìwé ẹ̀rí aṣàmúlò. Ìwé ta-ni-yóò-lò-ó tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí ìbéèrè tí ìjọba ń bi oníṣòwò gan-an nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè rèé: irú ajílẹ̀ kan tí àgbẹ̀ ń fi sóko, apániláyà lè fi ṣe bọ́ǹbù. Ọjà onílò-méjì ni mo pe irú rẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú ìròyìn, mo bẹ̀ yín: láti orí àkọlé ni kí ará Owódé Onírin ti mọ̀ bóyá ọjà rẹ̀ ni òfin mú, tàbí oníbàárà rẹ̀.