Àwọ̀ Dúdú Tó Tú Àṣírí Ọpọlọ

Ní 1873, ní ìlú Abbiategrasso ní Ítálì, dókítà Camillo Golgi ṣàwárí pé iyọ̀ fàdákà máa ń sọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ díẹ̀ di dúdú, kì í sì í kan àwọn yòókù. Àìkárí yìí gan-an ló wúlò: bí gbogbo wọn bá dúdú, kò sẹ́ni tó lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀. Golgi gbà pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà so kọ́ra bí àwọ̀n. Ní 1888, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Santiago Ramón y Cajal lo ọgbọ́n kan náà lórí ọpọlọ ẹyẹ ní Barcelona, ó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906. Síbẹ̀, Golgi lo ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó gba ẹ̀bùn náà láti tako èrò Cajal. Láàárín ọdún 1950 sí 1959 ni awò alágbára tuntun fi àlàfo tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì náà hàn. Cajal ló jàre.