Èésú àti Ẹni Tí Í Dúró fún Ni

Nínú gbogbo ètò tí àwọn Yorùbá fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ kí ìjọba òyìnbó tó dé, èésú, tí àwọn mìíràn ń pè ní èsúsú, ni ó rìn jìnnà jù, òun náà sì ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń ṣì túmọ̀ jù, nítorí wọn a máa kọ̀wé nípa rẹ̀ bí ẹni pé àánú ló gbé e ró. Èésú kì í ṣe ọrẹ àánú. Àdéhùn ni láàárín iye ènìyàn kan pé kí oníkálukú máa dá iye owó kan náà ní ọjọ́ tí wọ́n fi sí, kí wọ́n sì máa kó àpapọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kejì títí yóò fi kárí. Àwọn àgbà tó sọ pé èésú kò lérè, iye tí a dá la ó kó, kò fi nǹkan kan pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ètò yìí ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1843, nígbà tí kò tíì sí ilé ìfowópamọ́ kankan ní Èkó. Samuel Johnson náà, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni ìwé náà tó jáde, ka èésú mọ́ àṣà tó kárí gbogbo ilẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé òun ló ń jẹ́ kí aláìní rí owó ńlá gbá mú lẹ́ẹ̀kan náà fún ohun tí owó díẹ̀díẹ̀ kò lè ṣe.

Kí owó tó di ohun tí wọ́n ń dá jọ, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń dá. Àáró ni pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ bí i mélòó kan jọ ro oko ẹnì kan lónìí, kí wọ́n jọ ro ti ẹlòmíràn lọ́la, iye ọjọ́ tí ẹnì kan sì bá lò lóko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹlẹgbẹ́ náà yóò lò ní tirẹ̀. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, nítorí ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò se oúnjẹ, yóò sì pèsè ẹmu, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ọjọ́ iṣẹ́. Irú rẹ̀ ni ọkọ ìyàwó máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn láti ṣe fún àna rẹ̀. Àáró ni èésú bá tan, kì í ṣe ọ̀wẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, okùn márùn-ún jẹ́ igba, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, tí í ṣe 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni wọ́n ń pè ní ọ̀kẹ́ kan, tó tó ẹrù tí alágbára ń rù. Bí ogún ènìyàn bá ń dá igba ní ọrọọrún, ìyẹn ní gbogbo ọjọ́ ọjà, 4,000 ni ẹni tó kó yóò gbé lọ sílé. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ti gba ohun tí kò tíì dá, nítorí náà ó jẹ àwọn yòókù ní 3,800 láìsí èlé lórí rẹ̀. Ẹni tó kẹ́yìn ti fi 3,800 tirẹ̀ yá wọn kí ó tó di pé ó kó. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ipò ni wàhálà máa ń wà, nítorí ẹni tó ní òkú láti sin tàbí ìyàwó láti gbé kì í fẹ́ gbẹ̀yìn.

Ohun tó sọ èésú di iyebíye nígbà náà ni ọ̀nà kejì tí aláìní lè gbà rí owó. Ìwọ̀fà ni ọ̀nà ọ̀hún: kí ènìyàn yá owó, kí ó sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olówó, kí iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ dúró fún èlé títí wọn yóò fi san ojú owó. Ẹni tó bá lè kó èésú kò ní láti fi ọmọ sọfà.

Ṣùgbọ́n kí ló ń dá ẹni tó ti kó dúró tí kò fi ní sá lọ? William Bascom, onímọ̀ àṣà ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, tó sì tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí èésú ní 1952, ló ṣàlàyé èyí dáadáa jù. Nínú èésú ńlá, tí ènìyàn inú rẹ̀ lè tó igba, wọ́n máa ń pín àwọn tó ń dá a sí ọ̀nà-ọ̀nà, olúkúlùkù ọ̀nà sì ní olórí tirẹ̀. Olórí ọ̀nà ló ń mú ènìyàn wọlé, òun ló ń gba owó lọ́wọ́ wọn, òun náà ló sì ń gbé e fún ẹni tó dá èésú sílẹ̀, tí ó lè má mọ ojú àwọn yòókù rárá. Bí ẹnì kan bá kùnà, ọrùn ẹni tó mú un wá ni gbèsè náà ń wà. Ibi tí ìtìjú kò bá ti ran ẹnì kan, ológò wà láyé ìgbà náà, ẹni tí olówó máa ń bẹ̀ láti lọ dógò ti ajigbèsè. Johnson ṣàpèjúwe rẹ̀: á wọ inú ilé onígbèsè, á jókòó, á máa pariwo, á máa bú wọn, á máa pa adìẹ inú ilé jẹ, kò sì ní kúrò títí wọn yóò fi san. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn kan ń yìn lónìí ní eyín tó báyẹn.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé ètò náà dání. Ní Freetown, níbi tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń sọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kalẹ̀ sí, tí Crowther fúnra rẹ̀ sì dé ní 1822, osusu ni wọ́n ń pè é títí di òní. Susu ni ní Trinidad, asue sì ni ní Bahamas. Ní Bàháyà ní Brazil, òǹkọ̀wé Manuel Querino kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ Áfíríkà ń dá owó jọ láti ra ara wọn padà, igi kékeré tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé àmì sí sì ni ìwé ìṣirò wọn. Bóyá èésú gan-an ló bí èyí, ẹ̀rí kò tó láti fọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, pọ̀ ní ìlú náà. Nígbà tí àwọn ará Kàríbíà dé Lọ́ńdọ́nù lẹ́yìn 1948, tí ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ kò fẹ́ yá wọn lówó, irú ètò yìí ni ọ̀pọ̀ wọn fi rí owó ìṣáájú san lórí ilé.

Nílé, nílẹ̀ Yorùbá, àjọ olójoojúmọ́ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ èésú: alájọ ń kiri ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú káàdì láti gba owó pamọ́ fún oníkálukú, ó sì ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní kì í kọ orúkọ sílẹ̀, tó sì ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, ti di àkàwé fún orí pípé. Ní 1935 ni ìjọba ṣe òfin fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń jẹ kó ṣẹ́kù, èyí tó ní ìwé, akọ̀wé àti olùṣàyẹ̀wò.

Lónìí, orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ èésú wà, olórí lè wà ní Lọ́ńdọ́nù, kí àwọn tó ń dá a wà ní Ìbàdàn, ẹ̀rí owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sì ń wọlé bí àwòrán. Ológò kò lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó pa fóònù rẹ̀. Kí ẹni tí wọ́n bá pè sí irú èésú bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bèèrè olórí ọ̀nà rẹ̀, kí ó sì mọ ilé onítọ̀hún, kí ó tó fi náírà kan ránṣẹ́.