Ọkọ̀, Àjẹ̀ àti Ìmọ́tótó Omi: Ìtàn láti Ìṣẹ̀rí-Olófin dé Ọ̀sà Èkó

Ojú omi ni ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Ìṣẹ̀rí ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn Àwórì ṣe ń pa á, ọdẹ ni Olófin Ògúnfúnmínire, Ilé-Ifẹ̀ ló sì ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Wọ́n gbé àwo kan lé ojú omi, wọ́n ń tẹ̀ lé e bó ṣe ń bá omi lọ. Ibi tí àwo bá dúró sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀dó sí, bí àwo bá tún ti gbéra, àwọn náà á dìde. Ìtàn náà dárúkọ Olókemejì àti Òkè-Àtà lápá Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ló wá kan Ìṣẹ̀rí. Láti Ìṣẹ̀rí ni àwo ti tún gbéra lọ sápá Ìddó, níbi tó ti yí bírí tó sì rì sínú ọ̀sà.

Ìlú tó ń jẹ́ Ìṣẹ̀rí lónìí ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan wà létí Odò Ògùn, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Èkejì ni Ìṣẹ̀rí-Olófin tó wà ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀, òun ló sì so orúkọ Olófin mọ́ ara rẹ̀. Mi ò ní dá ẹjọ́ àgbà láàárín ìlú méjèèjì níbí. Ohun tó kàn wá ni pé omi ni àwọn tó tẹ ilẹ̀ Àwórì dó kọ́kọ́ bi léèrè kí wọ́n tó gbé ilẹ̀.

Ẹni tó bá dúró ní oríta Ìṣẹ̀rí lónìí kò ní ronú kan omi rárá. Kórópe àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò rí, àti èrò tó ń lọ sí Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Síbẹ̀ omi kò kúrò níbẹ̀, ó kàn bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ni. Àwọn odò kéékèèké bí Abẹ́sàn ń ṣàn gba àárín ilé, wọ́n ń gba omi gọ́tà àti ti kánáà mọ́ra, wọ́n sì ń darí sí Odò Òwò. Odò Òwò ló ń tú sínú Ọ̀sà Ológe, Ọ̀sà Ológe sì bá ọ̀nà omi Àgbádárìgì tan. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí ọmọdé bá jù sí gọ́tà lẹ́yìn ọjà lè dé ibi tí apẹja ti ń ta àwọ̀n kí òjò ọdún tó dá.

Kí ìtàn ìmọ́tótó tó lè yé wa, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkọ̀ jẹ́ fún wa. Ọkọ̀ tí a mọ̀ pé ó dàgbà jù lọ ní Áfíríkà, ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti hú u jáde. Darandaran Fúlàní kan ló rí i ní Dufuna, ní Ìpínlẹ̀ Yobe, lọ́dún 1987, nígbà tó ń gbẹ́ kànga. Àwọn onímọ̀ sì fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún. Igi odidi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn ará etí ọ̀sà wa náà ń gbẹ́ títí di òní. Ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀ níbi tí omi kò bá jìn, níbi tó bá jìn wọn a fa àjẹ̀ yọ. Ọkọ̀ wọ̀nyí ló ń kó ẹrù àti èrò lọ sí ọjà Ẹ̀jìnrìn, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú nígbà tí ọ̀nà mọ́tò kò tíì sí. Ọkọ̀ náà ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851.

Iṣẹ́ ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n eré náà wà nínú rẹ̀. Ìdíje ọkọ̀ ojú omi, èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí rẹ́gátà, jẹ́ ohun àmúyangàn: àwọn atukọ̀ á wọ aṣọ ẹgbẹ́, onílù á jókòó sáàárín ọkọ̀, gbogbo àjẹ̀ á sì máa bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, lọ́dún 1977, wọ́n gbé rẹ́gátà kalẹ̀ létí ọ̀sà Ìkòyí fún àwọn àlejò tó wá láti gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ẹni tó bá sọ pé títu ọkọ̀ fún ìgbádùn jẹ́ àṣà òyìnbó kò tíì rí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ ọdún.

Káyáàkì ni irú ọkọ̀ tó tòkèèrè wá. Àwọn Inuit, tó ń gbé ìhà àríwá ayé níbi tí omi ti ń di yìnyín, ló kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n ń na awọ ẹran omi bo egungun ọkọ̀ tín-ín-rín, wọ́n sì ń fi ṣọdẹ. Ènìyàn kan ló sábà máa ń jókòó sínú rẹ̀, àjẹ̀ rẹ̀ sì ní abẹ́ lápá méjèèjì. Lọ́dún 1865, ọkùnrin ará Skọ́tíláǹdì kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, John MacGregor, ní kí wọ́n fi pákó kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún òun. Ó tù ú gba orí àwọn odò Yúróòpù, ó kọ ìwé nípa ìrìn àjò náà, títu ọkọ̀ kékeré sì di eré ìdárayá àwọn olówó níbẹ̀. Ó wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní Berlin lọ́dún 1936.

Ní Èkó, wọ́n dá Lagos Yacht Club sílẹ̀ lọ́dún 1932 fún àwọn tó ń fi ìgbòkun ṣeré lórí omi, ìgbà ìjọba amúnisìn sì ni. Bí ìgbádùn orí omi ṣe yapa kúrò lára iṣẹ́ orí omi nìyẹn: apẹja àti atukọ̀ tó ń wa yanrìn wà lápá kan, ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣeré lópin ọ̀sẹ̀ wà lápá kejì. Ìyapa náà kò tíì tán. Ibi tí wọ́n ti ń yá káyáàkì lónìí, apá Lẹ́kkí àti Ìkòyí ni, owó ibẹ̀ sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ọmọ Alímọ̀ṣọ́.

Kì í ṣe pé ọmọ wa kò lè ṣe é. Jonathan Akinyemi, tí wọ́n bí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé orúkọ Nàìjíríà wọ ìdíje káyáàkì ní Òlíḿpíìkì Lọ́ńdọ̀nù ọdún 2012. Ayomide Bello gba wúrà mẹ́rin nínú títu ọkọ̀ ní ìdíje gbogbo Áfíríkà ní Mòrókò lọ́dún 2019, ó sì lọ sí Òlíḿpíìkì Tokyo lọ́dún 2021 nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún.

Ìtàn ìmọ́tótó ní tirẹ̀ gba ojú ọ̀nà mìíràn. Láti ìgbà àwọn wolé-wolé ni ìjọba ti ń fi ìbẹ̀rù mú ará ìlú tọ́jú àyíká. Lọ́dún 1977, Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ tó ń kó ìdọ̀tí sílẹ̀, orúkọ àjọ náà yí padà ní 1981, ó sì di LAWMA ní 1991. Ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon bẹ̀rẹ̀ WAI (War Against Indiscipline), ìyẹn ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìgbọràn, ní 1984, nígbà tó di oṣù Keje 1985 wọ́n fi ìmọ́tótó àyíká kún un. Àwọn tó dàgbà ní Èkó kò lè gbàgbé sanitéṣọ̀n: Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje àárọ̀ sí mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ sí ọkọ̀ lójú pópó, gbogbo onílé á sì fa ọkọ́ àti ṣọ́bìrì yọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí sanitéṣọ̀n yìí, nítorí ibẹ̀ ni àléébù ìmọ́tótó onítúláàsì ti hàn jù. Nígbà náà, a máa ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà jáde, a ó sì kó o jọ sí etí gọ́tà kan náà. Bí ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o kò bá tètè dé, òjò àkọ́kọ́ á gbá gbogbo rẹ̀ padà. Ìwọ̀nba tí kò bá dúró nínú gọ́tà á gba kánáà lọ sínú odò. Iwájú ilé là ń tọ́jú, a kò tọ́jú omi. Ẹni tí wọ́n fi túláàsì mú jáde ní aago méje, kí aago mẹ́wàá lù ló ń retí. Ilé ẹjọ́ wá dájọ́ pé kò bófin mu láti sé ènìyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó, Gómìnà Ambode sì fòpin sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Lójú tèmi, ìdájọ́ náà tọ́. Ohun tó dùn mí ni pé a kò rí nǹkan gidi fi rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọdún 1984 tí WAI bẹ̀rẹ̀ náà ni ọ̀tá mìíràn wọlé. Ewéko kan tó ń léfòó, tí ìlú rẹ̀ jẹ́ agbègbè odò Amazon ní gúúsù Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin wọ Àgbádárìgì. Ewé rẹ̀ róbótó, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ó sì ń gbilẹ̀ kíákíá. Nígbà òjò, tí omi odò bá pọ̀ nínú ọ̀sà, ó máa ń bo ojú omi tó bẹ́ẹ̀ tí àjẹ̀ kò ní lè rìn, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ á sì lọ́ mọ́ ọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọlé, iyọ̀ á pa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdọ̀tí tí a ń dà sómi ń bọ́ ọ, òun náà sì ń dá ọ̀rá àti ike dúró kí wọ́n má lè ṣàn lọ.

Níbòmíràn láyé, àwọn tó ń ṣeré lórí omi ló kọ́kọ́ pariwo lórí ìdọ̀tí omi. Ian Kiernan, ará Ọsirélíà, ń dá tukọ̀ yí ayé ká ní 1986 sí 1987, ìdọ̀tí tó bá lójú agbami sì bà á nínú jẹ́. Nígbà tó délé, ó ké sí àwọn ará Sydney. Ní oṣù Kìíní ọdún 1989, nǹkan bí ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ló jáde wá ṣa ìdọ̀tí etí omi wọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ẹgba lé wọn. Ọdún 1986 ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ létí òkun Texas ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá ṣà sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bá wí. Èyí tó wù mí jù ni ti Copenhagen, níbi tí GreenKayak ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017: wọn a fún ọ ní káyáàkì láìgba kọ́bọ̀, bí o bá ti gbà láti ṣa ìdọ̀tí inú omi padà wá. Eré àti iṣẹ́ wà nínú ọkọ̀ kan náà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀ rí.

Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn kò tán ní Èkó. Nigerian Conservation Foundation ti wà láti 1980. Lọ́dún 2012, Bilikiss Adebiyi-Abiola dá Wecyclers sílẹ̀, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ gba ike àti ọ̀rá lọ́wọ́ ará àdúgbò, wọ́n sì ń fún onílé ní ẹ̀bùn dípò rẹ̀. African Cleanup Initiative jẹ́ kí àwọn òbí ní Ajégúnlẹ̀ lè fi ike omi san owó ilé ìwé ọmọ. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n etí òkun àti ojú títì ni ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń mọ sí, odò tó ń gba àárín Alímọ̀ṣọ́ kò rí ẹni wá a wá tó bẹ́ẹ̀. Odò wọ̀nyí kò ní iyanrìn funfun tí ènìyàn lè yàwòrán lórí rẹ̀, àwọn ló sì ń gbé ìdọ̀tí lọ síbi tí iyanrìn wà.

Ìjọba pàápàá ń ṣe díẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2024, Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, ní oṣù Keje 2025 sì ni òfin bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ike àlòdànù mìíràn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 kan náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ parí ìjà ọlọ́dún gbọọrọ láàárín Àbújá àti Èkó, ó ní àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ lórí ọ̀nà omi. Ìwé àṣẹ àti owó ọkọ̀ ni ìjà náà dá lé. Kò sẹ́ni tó lọ sílé ẹjọ́ torí ẹni tí yóò kó ọ̀rá kúrò nínú omi.

Mo gbà pé omi tí ènìyàn kò ń lò kò lè mọ́. Nígbà tí Àwórì ń pọn omi mu, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n ń tukọ̀, wọ́n ní èèwọ̀ odò, wọ́n sì ń ṣọ́ ara wọn. Bí omi ṣe bọ́ sẹ́yìnkùlé, èèwọ̀ náà bọ́. Dídá àwọn ọ̀dọ́ padà sórí omi, pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré àti àjẹ̀, lè ṣe ohun tí ẹgba WAI kò lè ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má gbé káyáàkì sínú kánáà Ìgàndò lọ́la o. Omi ibẹ̀ lẹ́gbin, ààtàn Solous sì wà nítòsí. Onígbáméjì tó jà ní Èkó ní oṣù Kẹfà 2024 tó láti kìlọ̀ fún wa. Létí kánáà, bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ àti ọ̀pá onígọ̀gọ̀ ni irinṣẹ́. Ọ̀sà Ológe ni kí àwọn ọ̀dọ́ ti tukọ̀, pẹ̀lú láífù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn olúkúlùkù, kí apẹja tó mọ ojú omi ibẹ̀ sì ṣíwájú wọn, kí wọ́n sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un.

Ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti yà sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó ayé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí Ìṣẹ̀rí-Olófin, ẹ fi ọjọ́ náà sí kàlẹ́ńdà yín. Ẹ yan odò kan ṣoṣo, ẹ ṣètò ọkọ̀ tí yóò kó ẹrẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí òjò má bàa dá a padà. Bí oṣù méjì bá kọjá, ẹ padà síbẹ̀.