Alárobọ̀
Alárobọ̀ ni ẹni tó ń rajà láti tún un tà jèrè. Ní ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó, nítòsí Pápá Àjàó, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń rà tó ń tà. Alárobọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń forúkọ ìkànnì tó parí sí .ng sílẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò rà á lówó gọbọi. Èyí ń mówó wọlé fún NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng ní Nàìjíríà, torí ọdọọdún ni alárobọ̀ náà ń sanwó orúkọ. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ lo orúkọ náà, tí apá rẹ̀ ò ká iye rẹ̀, yóò gba .com lọ. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gba orúkọ iléeṣẹ́ ẹlòmíràn kì í ṣe alárobọ̀: òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì lè rán an lẹ́wọ̀n ọdún 2.